Ìwé-ẹ̀rí dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè: kí ni wọ́n ń yẹ̀ wò kó tó di ìwé àṣẹ iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìròyìn tó máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ìjọba orílẹ̀-èdè kan á pariwo pé dókítà ò tó láwọn ilé ìwòsàn òun, pé àwọn aláìsàn ń fi ọ̀pọ̀ oṣù dúró kí wọ́n tó rí ẹni yẹ̀ wọ́n wò. Nínú ìlú kan náà, ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú aláìsàn níbi tó ti wá ń wa takisí, òmíràn ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lóru, òmíràn sì ń bá àwọn nọ́ọ̀sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó gbọ́ á ní ìlara ni. Ẹlòmíràn á ní ìwé tí wọ́n gbà lọ́hùn-ún ni kò já mọ́ nǹkan kan.

Mi ò ní sọ pé kò sí ojúsàájú nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, nítorí ó wà. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìdádúró náà ló ní ìdí tó ṣeé ṣàlàyé, ẹni tó máa là á yé aráàlú ni kò sí. Ohun tí à ń pè ní kí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí ẹni wọlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ṣé ojúlówó ni ìwé yìí? Ṣé iléèwé tó fún ọ kájú òṣùwọ̀n? Ṣé ìwọ fúnra rẹ lè ṣiṣẹ́ náà níbí láì pa ẹnikẹ́ni lára? Iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sábà máa ń dáhùn wọn. Kí wọ́n ti dáhùn ọ̀kan kò sọ pé èyí tó kù ti tán, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń pàdánù owó àti ọdún.

Kí ni ìyàtọ̀ ìwé-ẹ̀rí sí ìwé àṣẹ?

Yunifásítì ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí. Ohun tó ń sọ ni pé lágbájá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dọ̀ wa, ó sì yege. Kò sí ẹnubodè tí èèyàn lè kọjá tí ìyẹn á fi di irọ́.

Ìwé àṣẹ ní tiẹ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ dókítà. Òun ló ń sọ pé ẹni yìí lè yẹ aláìsàn wò, kó kọ oògùn fún un, kó ṣiṣẹ́ abẹ, kó sì fọwọ́ sí ìwé ikú lórí ilẹ̀ wa. Ibi tí òfin yẹn bá parí sí ni agbára ìwé àṣẹ náà parí sí.

Ẹ fi wé ọkọ̀ wíwà. Ẹni tó ti fi ogún ọdún wakọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba apá ọ̀tún kò gbàgbé ọkọ̀ wíwà nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń gba òsì. Ṣùgbọ́n àmì ojú títì ti yàtọ̀, ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ wò kó tó yà ti yí padà, ìwé àṣẹ tí ìjọba ibẹ̀ mọ̀ sì ni ọlọ́pàá máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, General Medical Council, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí GMC, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí òfin ọdún 1858 ti dá a sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ni fún gbogbo ilẹ̀ náà. Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ìwé àṣẹ Texas kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ New York. Jámánì pín in sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀ 16, Kánádà náà sì fi í sílẹ̀ fún àwọn agbègbè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè náà "ṣé wọ́n ń gba ìwé mi ní Amẹ́ríkà?" kò fi ní ìdáhùn. Ẹni tó bá bi yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ìpínlẹ̀ tó ń lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìwé náà kì í ṣe ayédèrú?

Ohun tó máa ń dun àwọn dókítà jù nìyí, nítorí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń pè wọ́n ní onírọ́. Ẹ lè mú ìwé-ẹ̀rí yín lọ́wọ́, kí òǹtẹ̀ rẹ̀ máa dán, kí lọ́yà ti fọwọ́ sí ẹ̀dà rẹ̀. Kò tó. Kì í ṣe ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, iléèwé tó kọ ọ́ ni.

Bó ṣe ń lọ rèé. Iléeṣẹ́ ECFMG ní Philadelphia nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń yẹ ìwé àwọn dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn odi wò, tí wọ́n sì dá sílẹ̀ lọ́dún 1956, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní EPIC. Dókítà á fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn náà á fi ẹ̀dà yẹn ránṣẹ́ sí yunifásítì tó kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ tí yunifásítì yàn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á wo àkọsílẹ̀ wọn, á jẹ́rìí sí i, á sì dá ìdáhùn padà sí ECFMG tààrà. Lẹ́yìn náà ni èsì á tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè tí dókítà ń lọ. Láti ìgbà tí ìwé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún gbọdọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá mọ́. Ohun tó fún ìjẹ́rìí náà lágbára nìyẹn.

Ṣé irú àyẹ̀wò yìí ti pọ̀ jù? Lójú tèmi, kò pọ̀ jù. Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni GMC sọ EPIC di dandan fún àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Kí ọdún yẹn tó parí ni àṣírí obìnrin kan tú, tó ti fi ohun tó lé ní ogún ọdún tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Ìlú Ọba. Ayédèrú ìwé-ẹ̀rí Yunifásítì Auckland ní New Zealand ló fi forúkọ sílẹ̀ ní 1995, lábẹ́ òfin àtijọ́ kan tó jẹ́ kí dókítà láti àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth wọlé láìṣe ìdánwò. Wọ́n ti fagi lé ọ̀nà yẹn ní 2003, àmọ́ àwọn tó ti gba ibẹ̀ wọlé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. GMC ní láti tún ìwé nǹkan bí 3,000 dókítà yẹ̀ wò. Ilé ẹjọ́ ní Manchester dá obìnrin náà lẹ́bi ní oṣù kejì ọdún 2023, ó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Ẹ rò ó wò ná: àwọn aláìsàn tí ojú wọn ò gún ló ń gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ibi tí ètò náà ti máa ń há kì í sábà jẹ́ ti jìbìtì. Orúkọ ni. Orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé-ẹ̀rí obìnrin tó ti lọ́kọ, orúkọ ọkọ ló wà lórí ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ẹlòmíràn ní orúkọ mẹ́ta lórí ọ̀kan, méjì lórí èkejì, tàbí kí lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n, ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà kò sì láṣẹ láti gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra láti kóòtù gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́.

Èkejì ni iléèwé tí kì í dáhùn. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, pé àdírẹ́sì ímeèlì náà ti kú, pé wọ́n wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, tàbí pé ogun ti tú iléèwé náà ká. ECFMG kò lè fipá mú yunifásítì kankan fèsì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ nìyí, kó tó ra ìwé ìdánwò kan ṣoṣo, nítorí òun nìkan ni apá tí kò sí lọ́wọ́ ẹni.

Ìwé mìíràn wà tó jọ èyí, tí ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ń kọ láti jẹ́rìí pé ìwé àṣẹ yín ṣì múlẹ̀, pé wọn ò dá yín dúró, pé kò sí ẹjọ́ lọ́rùn yín. Certificate of Good Standing ni orúkọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ sí ìgbìmọ̀ ni. Tètè béèrè kò dára fún èyí, torí oṣù mẹ́ta péré ni GMC máa ń kà á sí láti ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́.

Ṣé gbogbo iléèwé ìṣègùn tó bá ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé ni wọ́n ń gbà?

Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tó fẹ́ rán ọmọ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lókè òkun, ẹ ka apá yìí dáadáa.

Àkọsílẹ̀ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní World Directory of Medical Schools. WFME, ìyẹn àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó wà láti 1972, àti àjọ mìíràn tó ń jẹ́ FAIMER ló pawọ́ pọ̀ gbé e jáde ní 2014, wọ́n fi àkọsílẹ̀ méjì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣe ọ̀kan. Àwọn tó ń polówó iléèwé máa ń fi í fọ́nnu pé "àgbáyé ti fọwọ́ sí wa." Àwọn tó ni àkọsílẹ̀ náà gan-an ló sọ pé kí orúkọ iléèwé wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé àwọn fọwọ́ sí i. Ó kàn ń sọ pé iléèwé náà wà ni. Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé iléèwé kan níbẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n kọ Sponsor Notes sí. Ibẹ̀ ni àwọn àjọ bí ECFMG ti ń sọ ọdún tí àwọn gba ìwé-ẹ̀rí iléèwé náà àti èyí tí àwọn ò gbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà láti wò ó, kò sì gba owó.

WFME náà kì í lọ yẹ iléèwé wò. Àwọn àjọ tó ń yẹ iléèwé wò lórílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ wò, á sì sọ bóyá iṣẹ́ wọn ṣeé gbára lé.

Ohun tí wọ́n ń wá lára iléèwé kò ṣòro lóye. Báwo ni ẹ̀kọ́ náà ti gùn tó? Ṣé wọ́n fojú kan aláìsàn, àbí fídíò ni wọ́n wò? Òfin àjọṣe ilẹ̀ Yúróòpù ní kí ẹ̀kọ́ dókítà má dín ní ọdún márùn-ún àti wákàtí 5,500. Íńdíà ní tiẹ̀ kọ ọ́ sófin ní 2021 pé ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tó bá lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lẹ́yìn odi gbọ́dọ̀ lo oṣù 54 ó kéré tán, kó sì tún fi oṣù 12 kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà ní ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ náà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine lọ́dún 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ Íńdíà sá padà sílé, àwọn kan ń bá ẹ̀kọ́ lọ lórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó: ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà kò lè rọ́pò àkókò tó yẹ kí wọ́n fi dúró ti aláìsàn. Ẹ̀bi wọn kọ́, àánú wọn sì ṣe mí gan-an, àmọ́ ẹ̀yin náà ò ní fẹ́ kí dókítà tí kò tíì fọwọ́ tẹ ikùn èèyàn rí wá tẹ tiyín.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń dán ẹni tó ti jẹ́ dókítà wò?

Nítorí ìwé ń sọ ohun tí èèyàn mọ̀ lọ́jọ́ tó gbà á, níbi tó ti gbà á. Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru níbì kan lè má jẹ́ èyí tí wọ́n ń lò níbòmíràn. Àrùn tó wọ́pọ̀ yàtọ̀. Òfin yàtọ̀ pẹ̀lú: ta lẹ lè sọ àṣírí aláìsàn fún, ọmọ ọdún mélòó ló lè gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun, kí lẹ gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹ bá fura pé ẹnì kan ń lu ọmọ nílé.

Ìdánwò náà kì í ṣe fún àlejò nìkan o. Íńdíà ń dán àwọn ọmọ rẹ̀ tó kàwé lókè òkun wò láti 2002: ìbéèrè 300, 150 sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Nàìjíríà náà ní ìdánwò tí ìgbìmọ̀ MDCN ń ṣe fún àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lẹ́yìn odi, tó fi mọ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ibi tí èèyàn ti kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí i sí.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló pín ìdánwò yìí sí ọ̀nà méjì: ti ìmọ̀ orí, àti ti ọwọ́ pẹ̀lú ẹnu. Ní Amẹ́ríkà, USMLE ni orúkọ ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà. Step 1 àti Step 2 CK ni àwọn tó ti òkèèrè wá kọ́kọ́ máa ń ṣe, ìbéèrè sì ni àwọn méjèèjì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2022, Step 1 kò ní máàkì mọ́, bóyá o yege tàbí o kùnà ni wọ́n ń sọ. Ìdánwò tí wọ́n ti ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni wọ́n fòpin sí ní 2021, ECFMG sì fi ọ̀nà mìíràn rọ́pò rẹ̀ láti mọ̀ pé dókítà lè bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ní Jámánì, wọ́n á mú dókítà lọ sọ́dọ̀ aláìsàn gidi, á yẹ̀ ẹ́ wò, á kọ ìròyìn rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn olùdánwò á wá fi ìbéèrè gbá a lójú lórí àìsàn inú ara àti iṣẹ́ abẹ. Kenntnisprüfung ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ti Ìlú Ọba, nítorí òun ló ń jẹ́ kí èèyàn rí ohun tí wọ́n ń wá ní ti gidi. PLAB lorúkọ rẹ̀. Apá kìíní jẹ́ ìbéèrè 180 láàárín wákàtí mẹ́ta. Apá kejì wà ní Manchester nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti to yàrá kéékèèké síra, 16 ni ọ̀ràn tí dókítà máa bá pàdé. Ó ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ láti ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà. Aago á dún, á wọlé, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹni tó jókòó níbẹ̀ kì í ṣe aláìsàn, òṣèré ni, tí wọ́n ti kọ́ ní gbogbo ohun tó máa sọ. Olùdánwò wà ní igun, kì í sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ni pé ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná wá. Dókítà tó ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà wọlé, ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè nípa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ó ní ibà lásán ni, ó sọ oògùn àti iye rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló lò. Ìyá náà ṣì ń fi ọwọ́ pa aṣọ rẹ̀. Ohun tó gbé wá sínú yàrá ni pé àrùn yírùnyírùn pa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, òun sì ń bẹ̀rù, àmọ́ dókítà kò bi í pé, "Kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an nípa ara gbígbóná yìí?" Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń fi máàkì sí nínú ìdánwò náà: bó ṣe wádìí, bó ṣe tọ́jú, àti bó ṣe bá èèyàn lò. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé iṣẹ́ dókítà ni kó pàṣẹ, kí aláìsàn máa mi orí, á pàdánù níbi tí kò ti retí. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Iṣẹ́ náà ni wọ́n ń ṣe lọ́nà mìíràn níbẹ̀, ọ̀nà náà sì ṣeé kọ́.

Mo gbédè dáadáa, kí ni wọ́n tún fẹ́?

Ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ ga ju èyí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ. GMC ń béèrè 7.5 lápapọ̀ nínú IELTS Academic, ìyẹn ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbọdọ̀ sí apá kankan tó kéré sí 7. Òmíràn tí wọ́n ń gbà ni OET, tó dá lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ipò B ni wọ́n fẹ́ ní apá kọ̀ọ̀kan. Apá tí wọ́n ti ń kọ̀wé ló sábà máa ń dá àwọn dókítà padà, torí a mọ̀ pé iṣẹ́ wa kò fún wa láyè láti máa kọ ju ìlà méjì lọ.

Ti Jámánì le díẹ̀ sí i fún ẹni tí kò gbọ́ èdè náà rí. Lẹ́yìn èdè ojoojúmọ́, ìdánwò èdè ìṣègùn wà fúnra rẹ̀, tó ń gba ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú lẹ máa fi bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ogún lẹ máa fi kọ ohun tó sọ sílẹ̀, ogún tó kù lẹ máa fi ṣàlàyé aláìsàn náà fún dókítà ẹgbẹ́ yín. Pẹ̀lú aláìsàn, ẹ ò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Pẹ̀lú dókítà, ẹ ò gbọdọ̀ máa sọ ọ́ bí aráàlú.

Ta ni kì í ṣe ìdánwò?

Ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù tó kẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ EU lè ṣiṣẹ́ ní òmíràn nínú àjọ náà láìtún ṣe ìdánwò ìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin 2005/36/EC ṣe sọ, nítorí gbogbo wọn ti jọ fẹnu kò lórí bí ẹ̀kọ́ náà ṣe máa rí. Èdè nìkan ni wọ́n ṣì lè bi í. Ọsirélíà náà ní ọ̀nà kan fún àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ tàbí tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba, Ireland, Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí New Zealand. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ló máa ń ṣe ìdánwò AMC, ìyẹn ti ìgbìmọ̀ ìṣègùn Ọsirélíà.

Ẹni tí kò sí nínú àwọn wọ̀nyí ṣì lè rí ọ̀nà míì. GMC máa ń gba àwọn ìdánwò àgbà tí àwọn Royal College, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ń ṣe, bíi MRCP, dípò PLAB. Dókítà tó ti ń gbèrò láti ṣe irú ìdánwò àgbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò nídìí láti fi PLAB da ara rẹ̀ láàmú.

Ìwé àṣẹ ti dé, iṣẹ́ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba àwọn èèyàn lọ́kàn jẹ́ jù, torí wọ́n ti rò pé wọ́n dé ebúté. Ìgbìmọ̀ kì í fúnni níṣẹ́. Físà kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó yege PLAB á forúkọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà á wá máa wá iṣẹ́ bíi gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń bá a du àyè kan náà.

Ní Amẹ́ríkà, ìdàrúdàpọ̀ náà tún pọ̀ sí i. Ìwé tí ECFMG ń fúnni kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ohun tó ṣí sílẹ̀ fúnni ni àǹfààní láti wọ residency, ìyẹn ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí dókítà ń fi kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn lábẹ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń so àwọn dókítà àti ilé ìwòsàn pọ̀ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Match, oṣù kẹta ọdọọdún sì ni èsì ń jáde. Ẹni tí kò rí àyè á dúró di ọdún tó ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yege gbogbo ìdánwò. Láìṣe residency, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í fúnni ní ìwé àṣẹ. Tennessee ṣe òfin ní 2023 láti fún àwọn dókítà kan tó ti ṣe irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ní àṣẹ fún ìgbà díẹ̀ láìtún un ṣe, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti tẹ̀ lé e. Inú mi dùn sí i. Kò sídìí tí ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ọmọdé á fi tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún dókítà àgbà tó ti jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ẹ̀ka kan. Ìwé orúkọ ọ̀tọ̀ ni ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Kí GMC ti forúkọ èèyàn sílẹ̀ bíi dókítà kò sọ pé wọ́n gbà pé oníṣẹ́ abẹ ọkàn ni. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún èyí, Portfolio Pathway, ń béèrè ẹ̀rí ohun tí èèyàn ti ṣe lẹ́nu iṣẹ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ, ìròyìn láti ẹnu àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ìwé tó fi kọ́ àwọn èwe dókítà. Ẹ má ṣe fi ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ láì kó irú ìwé wọ̀nyí, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i, ká yọ orúkọ àwọn aláìsàn kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti kúrò tán, àtirí i gbà á di wàhálà.

Kí lèèyàn lè máa ṣe nígbà tó bá ń dúró?

Jámánì ní àṣẹ fún ìgbà díẹ̀, Berufserlaubnis, tó lè tó ọdún méjì, tó ń jẹ́ kí dókítà ṣiṣẹ́ lábẹ́ àmójútó kó tó gba àṣẹ kíkún. Níbòmíràn, èèyàn lè bẹ ilé ìwòsàn kí wọ́n jẹ́ kó máa tẹ̀ lé dókítà wọn kiri, kó máa wò, kó má fọwọ́ kan ohunkóhun. Kò sówó nínú rẹ̀, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n ń pè nígbà tí nǹkan bá le. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nílé ìwòsàn náà kò burú. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kéèyàn máa yọ́ kẹ́lẹ́ kọ oògùn fún àwọn ará. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ó sì lè ti ilẹ̀kùn náà pa títí láé.

Kéèyàn jìnnà sí aláìsàn pẹ́ jù náà léwu. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń béèrè ìgbà tí èèyàn ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Bí ẹ bá lè máa ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ wà títí ìwé yín á fi pé, òun ló dára jù.

Ibo ló yẹ kí èèyàn gbà bẹ̀rẹ̀?

Ojú òpó ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè tàbí ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ejẹ́ǹtì. Kò sí ejẹ́ǹtì tó lè mú kí yunifásítì tètè dáhùn EPIC, kò sì sí èyí tó ní àyè ìdánwò lọ́wọ́ tí ìgbìmọ̀ kò ní. Ohun tí wọ́n lè bá yín ṣe kò ju kí wọ́n bá yín kọ fọ́ọ̀mù lọ, ẹ sì lè kọ ọ́ fúnra yín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún orúkọ ṣe, tí ìjẹ́rìí iléèwé sì ti wà lójú ọ̀nà, ẹ wá ṣírò ọjọ́ kí ẹ tó sanwó ìdánwò kankan. Ẹni tó yege PLAB 1 ní ọdún méjì láti yege PLAB 2. Lẹ́yìn PLAB 2, ọdún méjì mìíràn ló ní kí GMC tó gbọ́dọ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èsì IELTS náà kì í kọjá ọdún méjì. Ní ti Amẹ́ríkà, ọdún méje ni ECFMG fún èèyàn láti parí àwọn ìdánwò tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì ń kà á láti ọjọ́ tó bá yege àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi èdè ṣáájú, tí ìwé rẹ̀ wá há sí iléèwé fún ọdún kan ààbọ̀, á tún èdè ṣe, á sì tún owó rẹ̀ san.